Owó Ìwádìí Jẹjẹrẹ Kì í Ṣe Sàráà

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ akọ̀ròyìn sọ níbi àpèjẹ ìpàdépọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde, a sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀, òṣèlú ló rò pé màá sọ, torí pé akọ̀ròyìn ni mí, ibi tí òṣèlú bá sì ti gbóná ni ẹ ti máa ń rí wa. Mo ní rárá, mo ní owó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn náà kò burú, àpò ẹgbẹ́ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n owó tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe èyí tí a fi ń kun géètì ilé-ẹ̀kọ́. Owó tí wọ́n fi ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ni: ibi tó ti ń wá, ohun tó ń ṣe, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tán. N kì í ṣe dókítà o. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Pólì. Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè, kí n gbọ́, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin dókítà tó wà láàárín wa, bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, ẹ dákun, ẹ gbà mí mú.

Àìsàn ránpẹ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mi. Ìkéde òkú wà lára ohun tó ń mówó wọlé fún ìwé ìròyìn. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Àìsàn ránpẹ́ yìí, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta gbáko ló jẹ́. Ó lè jẹ́ kókó tí ìyá kan rí lọ́yàn tó fi aṣọ bò mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ tí bàbá kan ń dìde tọ̀ nígbà mẹ́fà lóru, tó ní ọjọ́ ogbó ni. Ìdílé kò fẹ́ pè é ní jẹjẹrẹ, kí ẹnì kan má baà ní àrùn ìdílé ni, kí ọkọ má baà sá fún ọmọ wọn obìnrin. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá dárúkọ, a kò lè kà á. Ohun tí a kò bá sì kà, kò sẹ́ni tí yóò yọ owó fún un.

IARC, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó fi Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣe ibùjókòó, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ènìyàn ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú káàkiri àgbáyé, àwọn tó sì pa lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 9.7. Ní Nàìjíríà wa níbí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lé ní 127,000, àwọn tó kú sì lé ní 79,000. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọn kò kà wọ́n lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀nba ìlú tí ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ wà ni wọ́n wò, wọ́n sì fi ìyẹn díwọ̀n èyí tó kù.

Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH, ó sì wà lára àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2009, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó so irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà pọ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo rárá. Akọ̀wé kan á máa ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí èkejì, á lọ sí lábù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò, á wo ìwé ikú, á wá yọ orúkọ ẹni tó bá farahàn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé aláìsàn kan náà lè lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta. Láti inú irú ìwé yìí la ti ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọyàn ń pọ̀ sí i, bóyá ọjọ́ orí àwọn tó ń mú ń kéré sí i, àdúgbò wo ló yẹ kí ẹ̀rọ lọ.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo lọ ṣe ìròyìn, tí n kò ní dárúkọ, mo bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n: akọ̀wé obìnrin kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí ìwé ọmọ tó fẹ́ gba ipò kìíní. Ojúewé kan kún, òmíràn kún, títí dé oṣù kan, ó wá funfun báláú. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀ ti tán, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn lẹ́yìn ogún ọdún, yóò rò pé oṣù náà ni jẹjẹrẹ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Bí owó náà ṣe ń rìn

Bí àwa bá gbọ́ owó ìrànwọ́, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni sàráà: olówó na owó, aláìní gbà á, ó dúpẹ́, ó parí. Owó ìwádìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ á kọ ìwé gígùn: ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn, ọ̀nà tí yóò gbà dáhùn rẹ̀, àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́, iye tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò jẹ. Àwọn onímọ̀ mìíràn á jókòó lé e lórí, wọ́n á fún un ní máàkì bíi ti ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ló ń fìdí rẹmi. Ẹni tó bá yege, díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé fún un, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ ròyìn ohun tó fi ṣe. Kí ẹnikẹ́ni sì tó fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ yẹ ìwádìí náà wò pé kò ní pa ènìyàn lára, aláìsàn fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà tọkàntọkàn. Ọ̀gá wa tí ẹ kọ́ wa ní ìṣirò, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn, sà. Ṣebí ẹ kì í fún wa ní máàkì bí ìdáhùn tọ̀nà tí a kò fi bí a ṣe ṣe é hàn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ tó ń bá ìdílé rìn. Ní 2005 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur. Òun àti àwọn dókítà UCH jọ wádìí jẹjẹrẹ ọyàn. Láti 1998 títí di 2014 ni wọ́n fi ń gba àwọn obìnrin sínú ìwádìí náà: 1,136 tí jẹjẹrẹ ọyàn mú, àti 997 tí kò mú, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Owó ìwádìí láti Amẹ́ríkà ló gbé e ró. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú àwọn 1,136 náà, 167, ìyẹn bí 1 nínú 7, ló jogún àléébù nínú àbùdá tó ń mú kí jẹjẹrẹ tètè wọlé sí ènìyàn lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní BRCA1.

Kí ni èyí já mọ́ fún ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Tí a bá mọ̀ pé ìyá kan ní irú àbùdá yìí, a lè yẹ àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wò. Èyí tí kò bá jogún rẹ̀ á fọkàn balẹ̀. Èyí tó bá jogún rẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ lọ́dọọdún, kí kókó tó tó kókó ni wọn yóò ti rí i. Àti pé ọ̀rọ̀ àjẹ́, ọ̀rọ̀ orogún, ọ̀rọ̀ "ta ló ṣe é" tó ń tú ilé ká, á dínkù.

Ẹ wo iye ọdún tó gbà. Ọdún 16 ni wọ́n fi gba orúkọ àti ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó wá jókòó ka èsì. Kò sí òṣèlú kankan tó ń ronú ọdún 16. Nítorí náà ni irú owó yìí fi ṣe pàtàkì: ó máa ń ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí náà: ẹ̀jẹ̀ náà, Ìbàdàn ló ti wá, ẹ̀rọ tó ka àbùdá inú rẹ̀, Amẹ́ríkà ló wà.

Ẹ̀wù àyáwọ̀

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í bá ni lára mu. Bí kò fún ni lápá, á ṣò ní ọrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n fi ara ẹlòmíràn wọ̀n. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ka gbogbo àwọn tí wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀ fún irú ìwádìí àbùdá kan tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ìdá 78 nínú 100 jẹ́ ọmọ ìran Yúróòpù. Àwa ọmọ ìran Áfíríkà? Ìdá 2 péré. Inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń mọ ibi tí wọn yóò dojú kọ.

Ní Ifẹ̀, láti 2013, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ti Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ARGO. Wọ́n yẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá àwọn aláìsàn wa wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Irú kan tí oògùn tuntun tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ lè bá jà, ó pọ̀ láàárín tiwa ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni, àfi pé iye oògùn náà kọjá ohun tí owó oṣù tísà lè dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìmọ̀ nìkan kò tó. Ìdọ́gba nínú ìlera ni pé kí ohun tí wọ́n rí lára wa padà dé ọ̀dọ̀ wa, ní iye tí apá wa ká.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àìdọ́gba ṣe gùn tó, ẹ fi ọdún wọ̀n ọ́n. Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló fi hàn láàárín àwọn ọdún 1980 pé kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2008. Ní 2006, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà fi í sínú ètò àjẹsára rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ Gavi: abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú ìpín kìíní. Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì tẹ̀lé wọn ní oṣù Karùn-ún 2024. Ọdún 17 ló wà láàárín 2006 sí 2023. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọdún 9 nígbà tí abẹ́rẹ́ náà jáde ti di ẹni ọdún 26 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tiẹ̀ ti kọjá nìyẹn.

Ọjọ́ tí owó bá tán

Wàyí o, a dé ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Láti 2012 dé 2022, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní H3Africa, tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, àti Wellcome Trust ti Ìlú Ọba jọ ń náwó sí, kí àwọn onímọ̀ Áfíríkà lè máa ṣèwádìí àbùdá fúnra wọn. Ó ṣe dáadáa, ọdún mẹ́wàá pé, ó parí. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2025, NIH kéde pé òun dá dúró ọ̀nà tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbà pín lára owó ìwádìí wọn fún alábàáṣiṣẹ́ lókè òkun, títí òun yóò fi ṣe ètò tuntun. Ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé ní ọ̀nà jíjìn réré, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

N kò bú wọn. Owó wọn ni. Ẹni tó bá fún ni lẹ́ja lónìí lè má jù ú mọ́ lọ́la. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni tiwa? Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, ìlú wa, wọ́n ní ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní. Ní 2017, a ṣe òfin tó dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òfin nìkan kì í ra ẹ̀rọ.

Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é o. TETFund tó ń kọ́lé sí Pólì àti yunifásítì wa, tó sì ń fún àwọn olùkọ́ wọn lówó ìwádìí, ara owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ yìí ń san ló ti ń wá. Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Ní 2019, àjọ tó ń bá Nàìjíríà tọ́jú owó ìdókòwò, NSIA, ná mílíọ̀nù 11 dọ́là sí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ìdókòwò ni wọ́n pè é, kì í ṣe ọrẹ. Owó ń bẹ. Ibi tí a fẹ́ kó lọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan gba owó ìrànwọ́, tí wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì gbàgàdà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n. Ìkíní: ta ni yóò ní àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́, ṣé wọn yóò kó o lọ ni tàbí a ó rí i kà níbí? Ìkejì: àwọn wo ni wọ́n máa kọ́ níṣẹ́, kí ni yóò sì mú wọn dúró kí wọ́n má bá ọkọ̀ òfuurufú lọ? Ìkẹta: lọ́jọ́ tí owó bá tán, ta ni yóò ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀, kí fírísà tí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara sí má baà yọ́? Owó tí kò bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlejò ni. Á jẹun, á sì lọ.

Ohun tó kàn wá

Ẹ ó ní, kí ló kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá. Ohun mẹ́ta ni mo gbé wá síwájú ilé.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wa gba ẹrù akọ̀wé kan ṣoṣo. Kí a lọ bá ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nílùú yìí, kí a ní a ó san owó oṣù ẹni tí yóò máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀, a ó sì ra kọ̀ǹpútà kan fún un, fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún wa pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà, àwọn ni yóò máa san án. Láìsí èyí, àwa náà yóò di àlejò tó jẹun tó lọ. Bí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá dá díẹ̀díẹ̀, kò tó iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí àpèjẹ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ mí lókùúta.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston. Ẹ ṣeun fún ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Olópadé kò fi àpótí oògùn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kó dúró síbẹ̀. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ni. Bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, onílábù tàbí onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ́ ẹnì kan níṣẹ́. Ìmọ̀ tó bá wọ orí ènìyàn kì í bàjẹ́ bí ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí lónìí. Ọ̀gá àgbà, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: kí ẹ jẹ́ ká mọ iye ọmọ ọdún 9 sí 14 tó ti gba abẹ́rẹ́ HPV, kí a pe àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé yóò sọ ọmọ wọn di àgàn, kí nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa bá wọn sọ̀rọ̀ lédè tó yé wọn. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ àgàn yẹn. Abẹ́rẹ́ náà ń gba ilé-ọmọ là ni.

Ìyàwó ilé, ọkọ ilé, ẹni tó bá rí kókó tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò yé e, kó tètè lọ. Bí jẹjẹrẹ bá kéré, ó ṣe é gbá mú. Bó bá ti tàn, owó ilé àti owó oko kì í tó o.

N kò ní jẹ́ kí oúnjẹ tutù fún yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tọwọ́ òyìnbó wà níbẹ̀, a dúpẹ́, ó ku tiwa. Mo ti fún akápò ẹgbẹ́ ní owó oṣù kìíní akọ̀wé náà kí n tó dìde sọ̀rọ̀; ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì iwájú, ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, bírò ń bẹ.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwọn olùkọ́ wa sí. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní bàjẹ́. A ó tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan nínú wa kò ní dín.